Ìlànà ìbí nínú ìmọ̀ ìṣeéṣe: ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ

Akẹ́kọ̀ọ́ Gwagwalada:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí i yín o. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga níhìn-ín ní agbègbè Àbújá, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n óò dúró níwájú àwọn olùkọ́ wa láti sọ̀rọ̀ lórí ìlànà ìbí, ìyẹn ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣeéṣe tó ń ṣàlàyé bí ohun tó ń bí irú ara rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Mo ti há àwọn ìdọ́gba rẹ̀ sórí, mo lè kọ wọ́n láìwo ìwé, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ wa pé iye ènìyàn ń pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí e^(λt): bí a bá ti mọ iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ àti bí ìbísí ṣe yára tó (ìyẹn λ; t ni àkókò), a ti mọ iye tí yóò wà ní ọdún mẹ́wàá òní. Ní báyìí, wọ́n kó ìṣeéṣe wọ inú rẹ̀, iṣẹ́ náà gùn, ó le, nígbà tí mo sì ṣe é parí, àròpín tó jáde kò ju e^(λt) náà lọ. Kí la wá ń ṣe gbogbo làálàá yẹn fún, bó bá jẹ́ pé ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ náà la padà sí? Bí olùkọ́ kan bá bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́jọ́ náà, n kò ní ìdáhùn kankan. Ẹni tó bá yé, kó fi ohun tí ojú lè rí ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Bàbá Olùkọ́, Sàríà:

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi yìí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Sàríà níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì gba ìdọ́gba yìí kọjá láìbéèrè ohun tí o béèrè.

Gbé e^(λt) tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ká ní ẹyọ ohun kan ṣoṣo la ní. Láàárín àkókò bíńtín kan tí à ń pè ní h, ìṣeéṣe pé yóò bí ẹyọ kan jẹ́ λh, ìṣeéṣe pé kò ní bí jẹ́ 1 − λh, ìṣeéṣe pé yóò bí ju ẹyọ kan lọ sì kéré débi pé a kì í kà á mọ́ ọn. Èyí tó bí àti èyí tí a bí, kò sí èyí tó ń dúró de èkejì; kálukú ló gbé λ tirẹ̀ dání. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá di n, ìyára gbogbo wọn lápapọ̀ ti di nλ. Ibí yìí ló ti yàtọ̀ sí ìlànà Poisson, èyí tí a fi ń ka ohun tó kàn ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan láìbí ara wọn, nítorí pé nínú ti Poisson, bó ti wù kí àwọn tó ti dé pọ̀ tó, ìyára náà kì í yí padà.

Báwo ni wọ́n ṣe lè jẹ́ n gan-an nígbà tí aago bá lu t + h? Ọ̀nà méjì péré ni. Ó lè jẹ́ pé n ni wọ́n ti jẹ́ láti àkókò t, tí ọ̀kankan nínú wọn kò sì bí. Ó sì lè jẹ́ pé n − 1 ni wọ́n, tí ọ̀kan wá bí. Bí a bá pe ìṣeéṣe pé wọ́n jẹ́ n ní P(n), ìdọ́gba tí o há sórí kò sọ ju èyí lọ: dP(n)/dt = −nλP(n) + (n−1)λP(n−1). Apá tó ní àmì ìyọkúrò ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi ipò n sílẹ̀, apá kejì ń sọ bí wọ́n ṣe ń wọ ibẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti P(1), wàá rí e^(−λt). Fi ìyẹn wá P(2), wàá rí e^(−λt)(1 − e^(−λt)). Bí o bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, wàá rí i pé P(n) = e^(−λt)(1 − e^(−λt))^(n−1).

Ó wá kù ká fi nọ́ńbà sí i, nítorí inú nọ́ńbà ni ìdáhùn rẹ wà. Mú àkókò tí àròpín di 10, ìyẹn ìgbà tí λt jẹ́ nǹkan bí 2.303, tí e^(−λt) sì di 0.1. Ìṣeéṣe pé ẹyọ kan tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣì dá wà níbẹ̀, tí kò tíì bí rárá, jẹ́ 0.1. Ìṣeéṣe pé wọ́n di méjì jẹ́ 0.09, mẹ́ta jẹ́ 0.081, ó sì ń kéré lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Wò ó dáadáa: nínú gbogbo iye tó lè jáde, ẹyọ kan ni ìṣeéṣe tirẹ̀ ga jù, bẹ́ẹ̀ àròpín ni 10! Ìṣeéṣe pé wọn kò ju méje lọ ti kọjá ìdajì, ó jẹ́ 0.52. Ìṣeéṣe pé wọ́n ju 20 lọ tó 0.12. Ìṣeéṣe pé wọ́n jẹ́ 10 gẹ́lẹ́ kò sì tó 0.04.

Ìwọ̀n ìfọ́nká rẹ̀, èyí tó ń sọ bí àwọn iye náà ṣe ń jìnnà sí àròpín tó, ni e^(λt)(e^(λt) − 1), tó jẹ́ 90 nínú àpẹẹrẹ wa yìí. Gbòǹgbò 90 jẹ́ nǹkan bí 9.5, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àròpín fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fi 100 bẹ̀rẹ̀ dípò ẹyọ kan, àròpín yóò di 1,000, gbòǹgbò ìfọ́nká yóò sì jẹ́ 95 péré, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àròpín. Ìyẹn ni pé e^(λt) tí wọ́n kọ́ yín lọ́dún àkọ́kọ́ kò parọ́ fún ìlú ńlá, ṣùgbọ́n fún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò lè sọ ohun tí ojú rẹ yóò rí. Iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ máa béèrè.

Ìyá Ehoro, Kuje:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. N kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, ehoro ni mò ń sìn, àkọlé ọ̀rọ̀ yìí ló sì fà mí wọlé. Ohun kan ń kọ mí lóminú nínú àlàyé yín. Ehoro máa ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 31 kó tó bí. Èyí tó bí lánàá kò lè bí lónìí, kò sì lè bí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó bá sì máa bí, kì í bí ẹyọ kan. Márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́jọ ló ń kó jáde lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n bí náà kò lè bí títí yóò fi dàgbà fún oṣù mélòó kan. Ṣé λ tí ẹ ń wí yìí mọ gbogbo ìyẹn?

Bàbá Olùkọ́, Sàríà:

Ìyá Ehoro, ẹ ṣeun gan-an ni. Kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn ni àwọn tó ń fi ìlànà yìí ṣiṣẹ́ fún ẹ̀dá alààyè ti máa ń ṣọ́ra jù. Ìlànà ìbí tó rọrùn jù yìí kì í rántí ohun tó ti kọjá: lójú rẹ̀, èyí tó bí ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn àti èyí tí kò bí láti ọdún tó kọjá, ìṣeéṣe pé wọn yóò bí lọ́la jẹ́ ọgbọọgba. Ehoro kò rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń pín ara rẹ̀ sí méjì pàápàá kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1948, D. G. Kendall fi ọ̀nà kan tó rọrùn hàn: kí a pín àkókò ìdúró náà sí ìpele kéékèèké tó tẹ̀ léra, kí ohun náà máa ti ìpele kan bọ́ sí òmíràn kó tó bí. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò ní ìrántí, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn yóò ní in, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí gbọ́dọ̀ padà sí ìpele àkọ́kọ́. Ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, a ní láti jẹ́ kí iye wọn máa fò ju ẹyọ kan lọ. Àwa Yorùbá tí ìbejì pọ̀ láàárín wa ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé lọ yẹ kí a tètè rí ìdí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ibí yìí, má ṣe dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ kí o sọ pé nítorí iye ènìyàn ni wọ́n ṣe gbé ìlànà yìí kalẹ̀. G. Udny Yule tó gbé e jáde ní 1925 kò ro ti ọmọ bíbí rárá. Ohun tó ń wá ni bí ẹ̀yà ewéko àti ẹranko kan ṣe ń ya di ẹ̀yà púpọ̀ láàárín àìmọye ọdún, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí èrò J. C. Willis, onímọ̀ nípa ewéko. Ní 1937, Furry tún lo irú ìṣirò kan náà fún àwọn ìtànṣán tó ń ti òfuurufú wá. Ẹ̀yà tó ń yà kò lóyún, kò sì dúró de oṣù. Ìdí nìyí tí ìlànà tí kò ní ìrántí fi bá tirẹ̀ mu ju ti ehoro lọ.

Àǹtí Nọ́ńbà, Kàdúná:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Àkọsílẹ̀ ìlera àti iye ènìyàn ni iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ kìlọ̀ fún àbúrò wa kó tó fi Àbújá ṣe àpẹẹrẹ, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ.

Ìkànìyàn oṣù kọkànlá 1991 ka 88,992,220 ènìyàn ní Nàìjíríà. Ti oṣù kẹta 2006 ka 140,431,790. Bí o bá fi e^(rt) ṣe é, r yóò jẹ́ nǹkan bí 0.032 lọ́dún, ìyẹn ni pé iye wa yóò di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún 22. Ó dára bẹ́ẹ̀. Wá wo agbègbè olú-ìlú nìkan: láti 371,674 ní 1991, ó di 1,406,239 ní 2006. Tirẹ̀ jẹ́ 0.093 lọ́dún, ìlọ́po méjì láàárín ọdún méje ààbọ̀. Àwọn obìnrin Àbújá kò lè máa bímọ ní ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn yòókù! Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìkànìyàn àkọ́kọ́ yẹn, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991, ni ìjọba kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, tí òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti ẹbí wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ibi gbogbo. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ló gbé èyí tó pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Kubwa àti Nyanya wá, kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ lo Àbújá, o gbọ́dọ̀ fi àwọn àlejò kún un. Ká pe ìyára ìwọlé wọn ní ν; àròpín m yóò wá máa yí gẹ́gẹ́ bí dm/dt = λm + ν, láìtíì ka ikú mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn gbangba: níbi tí kò bá sí ẹnì kankan, ìlànà ìbí nìkan kò lè bẹ̀rẹ̀, òdo ni yóò wà títí, ṣùgbọ́n ìlànà tó gba àlejò lè bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣófo.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀kan kún ìdáhùn Bàbá sí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, nítorí pé ó kan iṣẹ́ mi gan-an. Bí o bá mú ikú wọlé, kí ìyára rẹ̀ jẹ́ μ, àròpín kò mọ̀ ju λ − μ lọ. Wá wo agbo méjì. Ti àkọ́kọ́, λ jẹ́ 0.04, μ jẹ́ 0.01. Ti èkejì, λ jẹ́ 0.40, μ jẹ́ 0.37. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 0.03, nítorí náà àròpín wọn kò yàtọ̀ síra rárá, láti òní títí láé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀, ìṣeéṣe pé agbo náà yóò parun pátápátá nígbẹ̀yìn jẹ́ μ/λ, èyí tó jẹ́ 0.25 fún ti àkọ́kọ́, 0.925 fún èkejì. Ẹni tó bá wo àròpín nìkan yóò sọ pé ọ̀kan náà ni agbo méjèèjì. Ẹni tó bá wo ìṣeéṣe yóò mọ̀ pé èkejì wà lẹ́nu ikú. Bí λ kò bá ju μ lọ, ìparun dájú. Ní 1874, Galton àti Watson ṣe irú ìṣirò yìí lórí bí orúkọ ìdílé ṣe ń parẹ́, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé gbogbo orúkọ ni yóò parun. Wọ́n ṣì í, bẹ́ẹ̀ Bienaymé ti sọ èyí tó tọ̀nà láti 1845.

Tíṣà Minna:

Ìmọ̀ràn tèmi kúrú. Má fi ìdọ́gba bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, fi dáìsì lúdò àti ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀. Fi ẹ̀wà kan sórí tábìlì. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ta dáìsì lẹ́ẹ̀kan fún ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 6, fi ẹ̀wà kan kún un, bí kò bá jẹ́ 6, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣe é fún ìpele 12, kọ iye ẹ̀wà sílẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà kan. Àròpín lẹ́yìn ìpele 12 jẹ́ (7/6)^12, nǹkan bí 6.4. Ìṣeéṣe pé ẹ̀wà kan ṣì dá wà jẹ́ (5/6)^12, nǹkan bí 0.11. Kì í ṣe ìlànà Yule gẹ́lẹ́, nítorí pé ìpele ló ń gbà, kì í ṣe àkókò tí kò já, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi hàn kò yàtọ̀. Ohun pàtàkì ni pé kí o má ṣe tètè pín wọn sí àròpín. Ya ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí ìwé kan náà, kí ojú rẹ kọ́kọ́ rí wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gwagwalada:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín ní ìmọ̀. Èmi àti àwọn tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ta dáìsì lálẹ́ àná títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀wà náà dá wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin; ní ẹ̀ẹ̀kan, ó fi àròpín sílẹ̀ lọ jìnnà. Mo wá ṣàkíyèsí ohun kan: ìlà tó bá rí 6 ní ìpele kìíní tàbí ìkejì kì í sábà jẹ́ kí àwọn yòókù bá òun mọ́. Bàbá, ṣé bí a bá ta á pẹ́ títí, wọn yóò padà dọ́gba?

Bàbá Olùkọ́, Sàríà:

Wọn kò ní dọ́gba láé, ọmọ mi, inú mi sì dùn pé ojú ara rẹ lo fi rí i. Bí o bá pín iye tó wà ní àkókò t fún e^(λt), èsì náà yóò máa mì lọ, máa mì bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì wá fìdí kalẹ̀ sórí iye kan tí kò ní yí padà mọ́. Ṣùgbọ́n iye náà yàtọ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ èèṣì, ó ń tẹ̀ lé ìpín exponential (níbi tí iye kékeré ti wọ́pọ̀, tí iye ńlá sì ṣọ̀wọ́n) tí àròpín rẹ̀ jẹ́ 1. Nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀, ìbísí wọn ń lọ geere bí ẹni pé kò sí èèṣì kankan nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èèṣì ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan àti méjì ṣì wà lára wọn, ó ti di ìlọ́po tí wọ́n ń gbé kiri.

Wo ó láti ìhà ti aago náà. Àròpín di 2 nígbà tí λt jẹ́ 0.693. Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè pé, ní àròpín, ìgbà wo ni ẹyọ kan máa ń di méjì, ìdáhùn ni 1/λ, ó pẹ́ ju ìyẹn lọ. Láti ọ̀kan dé 10, àròpín gba 2.303/λ, àròpín àkókò ìdúró gan-an sì jẹ́ (1 + 1/2 + 1/3 títí dé 1/9)/λ, tó jẹ́ 2.829/λ. Àwọn ìlà díẹ̀ tó sáré ló gbé àròpín sókè, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń dúró. Kọ nọ́ńbà méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn sórí pátákó. Wọ́n yóò béèrè ìdí, ìwọ yóò sì ti ní ìdáhùn.

Wọ́n tún lè bi ọ́ bóyá iye náà lè di àìlópin kí àkókò tó pé. Nínú ìlànà tìrẹ, kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àròpọ̀ 1 + 1/2 + 1/3, tó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, kì í dúró síbì kan. Ṣùgbọ́n bí ìyára bá jẹ́ n²λ dípò nλ, àròpọ̀ àwọn àròpín àkókò ìdúró náà kò ju nǹkan bí 1.645/λ lọ, gbogbo ìbí tó kù títí láé yóò sì ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ̀n àkókò tó lópin.

Ìyá Ehoro, Kuje:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dákẹ́. Akọ kan àti abo kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, abo náà sì kú kó tó bí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ti ní kí n mú abo mẹ́ta, n kò gbọ́. Ṣé inú ìṣirò yín yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Gwagwalada:

Mà, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀, kí Bàbá tọ́ mi sọ́nà bí mo bá ṣì í. Gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe sọ, bí a bá fi abo kan bẹ̀rẹ̀, ìṣeéṣe ìparun jẹ́ μ/λ. Bí a bá fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kí agbo tó lè parun, ìran ti kìíní gbọ́dọ̀ parun, ti èkejì gbọ́dọ̀ parun, ti ẹ̀kẹta náà gbọ́dọ̀ parun, nítorí náà a ó sọ μ/λ di púpọ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Ká ní ìbí jẹ́ ìlọ́po méjì ikú: abo kan yóò jẹ́ 1/2, abo mẹ́ta yóò jẹ́ 1/8, márùn-ún yóò jẹ́ 1/32. Ẹni tó tà á fún yín mọ ohun tó ń sọ. Mo mọ̀ pé ehoro ní ìrántí, ó sì ń bí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà nọ́ńbà náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó lè ba ìsọdipúpọ̀ náà jẹ́ pátápátá: ó dúró lórí pé ikú ọ̀kan kò kan èkejì. Bí àrùn bá wọ inú kéèjì kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà papọ̀, bí abo kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Ẹ pín kéèjì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Mà.